Òwú àti Owú

Hámà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi ní Òkè Ẹlẹ́rìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Igi ọwọ́ rẹ̀ gùn tó ọ̀pá ìtilẹ̀, ṣùgbọ́n orí irin rẹ̀ kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ìyàwó mi ti fi í há ilẹ̀kùn rí, ó ti fi í pa ejò lẹ́ẹ̀kan. Ọmọkùnrin wẹ́dà tó wà lójúde wa ti bẹ̀ mí títí pé kí n tà á fún òun. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe? Ògbómọ̀ṣọ́ ò kúkú ní ojú irin." Òótọ́ ló sọ, a ò ní. Mi ò sì tà á.

Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ rélùwéè kì í pè é ní hámà. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí i, owú ló ń pè é. Nǹkan kejì tí ọwọ́ wa kì í kúrò lára rẹ̀ ní ẹ̀ka tiwa ni òwú, èyí tí a ń rẹ sínú epo, tí a ń kì bọ abẹ́ ọ̀pá ásù, ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ rọra o. Owú la fi ń mọ irin tó ti sán. Òwú ló dá odidi ọkọ̀ ojú irin dúró sínú igbó lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi ni mo sì fà á.

Bàbá mi ń ṣòwò ní Jos, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ayé ìgbà yẹn. Nínú wọn, ẹni tí kò bá sí ní Jos á wà ní Kano, tàbí kó wà ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé wọn wálé lọ́dún 1969. Tí a bá gba ọlidé, ìyá mi á di èlùbọ́ àti gààrí, a ó wọ mọ́tò ní Tákì lọ sí Ìlọrin, ibẹ̀ la ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó di Kaduna, ó di Kafanchan, ó di Jos. Bí a bá gun afárá Jẹ́bà, tí ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí padà lójijì, tí Odò Ọya ń tàn yanranyanran nísàlẹ̀, àwọn ìyá àgbà kan á ju kọ́bọ̀ sómi. Èmi ò wo omi. Etí ni mo fi sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á tí ìró náà fi yàtọ̀.

Lọ́dún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọ̀nà irin yẹn láti Èkó. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Láti Ìbàdàn ó gba Òṣogbo, ó gba Ìkìrun àti Òkúkù, ó gba Ọ̀ffà já sí Ìlọrin. Ó yẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ bí ajigbèsè ṣe ń yẹ ojúlé olówó. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé lórí ìyẹn lẹ́nu àwọn àgbà, kálukú ló ní tirẹ̀, mi ò fẹ́ dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé rélùwéè ni mo fẹ́ lọ, ó ní, "Nínú gbogbo iṣẹ́, èyí tí kò gba iwájú ilé wa kọjá lo rí?"

Lọ́dún 1972 mo dé Èbúté Mẹ́ta. Lóko ni àwọn ará Èkó ń pe gbogbo sàkáání yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń pè é dòní. Ẹnu iṣẹ́ tó lọ́jọ́ lórí ni. Ibẹ̀ ni Michael Imoudu ti ṣiṣẹ́ kó tó di aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn àgbà tí mo bá níbẹ̀ sì ń sọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945 bí ẹni pé àná ni. Tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù á gbè é. Tí ọmọdé bá ráhùn pé owó oṣù ò tó, wọ́n á ní, "Ìwọ mọ ebi tí a fẹsẹ̀ rìn dé ibi tó o wà yìí?"

Èmi tí mo rò pé mo ti mọ ọkọ̀ ojú irin! Inú rẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ abẹ́ rẹ̀. Kíréènì ń gbé odidi wágọ́nù kọjá lókè orí ènìyàn bí àṣá tó gbé òròmọdìyẹ. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ti ẹsẹ̀ irin wọ orí ọ̀pá ásù, kò pariwo, ó kàn ń tì í ni, irin á sì wọnú irin. Níbi tí wọ́n ti ń fi táyà irin sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo máa ń sá lọ nígbà ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ táyà onírọ́bà nìkan, òrùka irin ni táyà tiwa. Wọ́n á yáná sí i títí á fi fẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ náà tí ojú ò lè rí, wọ́n á wá gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sáàárín rẹ̀. Bó ṣe ń tutù ló ń fún mọ́ ọn, bí òrùka tó wà níka tó wú. Kò sí bọ́ọ̀tì kan tó lè mú un tó bẹ́ẹ̀.

Fóòmáànù wa fún wa lófin mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì tún un sọ mọ́. Má rìn lábẹ́ ohun tí kíréènì gbé. Má tẹ orí irin, rékọjá rẹ̀, torí irin tí epo kán sí kò mọ ọmọ ẹni kankan. Má gba àárín wágọ́nù méjì kọjá bí àyè wọn kò bá tó láti na ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀kẹta yìí ni mi ò kà sí. Wágọ́nù tó dúró, ṣé ó lè dìde ni?

Ó lè dìde. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí bíréèkì ìgbà tiwa ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé bíi ti mọ́tò ni. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde láti iwájú dé ìrù ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí páìpù bá ṣófo, bíréèkì ò ní mú. Tí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn ló máa ti písítìnnì sókè, bíréèkì á gbá ẹsẹ̀ mú. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé tí páìpù bá já lójú ọ̀nà, tí wágọ́nù bá já kúrò lára èkejì, afẹ́fẹ́ á wọlé fúnra rẹ̀, gbogbo wọn á dúró. Ẹni tó ronú ìyẹn ronú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wágọ́nù bá jókòó pẹ́ sí yáàdì, ibi tí a ń to wọ́n sí, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ gba ibi tí kò yẹ, díẹ̀díẹ̀, títí agbára tó gbé bíréèkì dúró á fi pin. Bíréèkì á tú, kò ní sọ fẹ́nì kan. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yí bíréèkì ọlọ́wọ́ mọ́ ọn, kí a sì fi igi há ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní yáàdì kan tí mi ò ní dárúkọ, mo ń gba àárín wágọ́nù méjì kọjá, mo ń jẹ gúgúrú. Ẹnì kan fa kọ́là ẹ̀wù mi láti ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́tìnnì méjì já. Kí n tó bínú, mo gbọ́ "kà" níbi tí mo dúró sí. Wágọ́nù yẹn yí dé wẹ́rẹ́, bí ológbò. Kò sí fèrè, kò sí ariwo. Ọkọ̀ ojú irin tó ń pariwo kọ́ ló ń pààyàn ní yáàdì, ẹ gbà mí gbọ́. Gúgúrú náà ti fọ́n ká sílẹ̀, ẹni tó fà mí sì ń ṣa èyí tó kù nínú bébà jẹ. Ó ní, "Ọmọ Ajílété, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ọkà kí ẹ tó mu ẹ̀kọ yangan, oúnjẹ ni yóò pa yín."

Òun ni Bàbá Agogo.

Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó bá ti dé, láti orí dé ìrù, apá ọ̀tún, apá òsì, kó máa fi owú gbá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá á dún bí agogo, gaaan, ìró rẹ̀ á sì fà. Èyí tó ti sán á dún pọ̀ọ̀, á kú síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ní kí n máa di ojú tẹ̀ lé òun.

"Kí lo gbọ́?"

"Irin ni sà."

"Mo mọ̀ pé irin ni. Ó wà láàyè àbí ó ti kú?"

Kò yé mi títí di ọjọ́ kan tí mo rántí ìyá mi lọ́jà ìkòkò. Ìyá mi kì í wo ẹwà ìkòkò. Á gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, á fi orí ìka kàn án, á tẹ́tí. Ó lè kan mẹ́fà kó tó ra ọ̀kan, oníkòkò á máa fajú ro. Bí mo ti rántí ọwọ́ ìyá mi yẹn, ojú mi là. Ìmọ̀ tí mo wọ ọkọ̀ wá kọ́ ní Èkó ti wà nílé wa tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ rí èyí tó sán, mo rò pé wọ́n máa gbà mí gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fóòmáànù wo ẹsẹ̀ náà yíká, kò rí nǹkan kan, èmi náà ò rí. Bàbá Agogo ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fi kẹrosíìnì pa ojú irin náà, ó ní ká dúró. Lẹ́yìn náà ó nù ún gbẹ, ó wá fi ẹfun kùn ún funfun báláú. A jókòó. Ẹnì kan ń sọ ìtàn bọ́ọ̀lù. Kí ìtàn náà tó parí, ìlà kan yọ lára ẹfun, ó tín-ín-rín bí irun orí, ó gùn tó ìka mi. Kẹrosíìnì tó ti sá pamọ́ sínú ojú sísán ló ń sun jáde. Gbogbo wa dákẹ́. Fóòmáànù mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa àgbélébùú ńlá sórí ẹsẹ̀ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbéraga gbé mi wọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò ju oṣù kan lọ, mo gbá ẹsẹ̀ mẹ́jọ wágọ́nù kan, gbogbo wọn dún pọ̀ọ̀. Mo sáré lọ pe fóòmáànù pé wágọ́nù yìí ti kú tán. Bàbá Agogo bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó tọ́ka sí bíréèkì. Bíréèkì ti mú mọ́ gbogbo ẹsẹ̀ náà pinpin. Ẹ fi ọwọ́ di agogo mú kí ẹ tó lù ú, ẹ ó gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Mo ti dájọ́ ikú fún ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí kò ṣẹ̀. Wọ́n fi mí ṣẹlẹ́yà ní kántíìnì fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n ń pè mí ní Adájọ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń kọ́ gbogbo ọmọ tuntun. Á mú kọ́ọ̀bù pílásítíìkì méjì, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, á fi rọ́bà dè wọ́n pọ̀ lẹ́nu sẹ́nu. Á tẹ́ igi méjì sílẹ̀ bí ojú irin, á sì yí kọ́ọ̀bù náà lọ lórí rẹ̀. Bó o bá gbé e wọ́, á tún ara rẹ̀ ṣe, á padà sáàárín. Lẹ́yìn náà á tú wọn, á dè wọ́n ní ìdí sí ìdí. Kò ní rìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì tó fi máa jábọ́. Bí a ṣe gbẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn: ó sanra díẹ̀ nínú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ níta, ẹsẹ̀ méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ ọ̀pá kan, wọ́n ń yí pọ̀ ni. Ètè irin tó wà nínú, tí gbogbo ayé rò pé òun ló ń mú ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà, ìgbà tí nǹkan bá le ló ń ṣiṣẹ́. Èmi tí mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn dé Jos láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé kọ́ọ̀bù méjì ló gbé mi lọ.

Wàyí o, òwú.

Àwọn wágọ́nù àtijọ́ kò ní béárìn oníróólà bíi ti ìsìnyí. Orí ọ̀pá ásù wọnú àpótí irin kan, idẹ ló sì jókòó lé e lórí, tí wọ́n fi irin funfun kan tó rọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀pá náà ni a ń kì òwú tí a ti rẹ sínú epo sí, kí ó lè máa fi epo pa ọ̀pá bó ṣe ń yí. Iṣẹ́ ọmọdé ni, ẹni tó bá lè kì àgbò fún ọmọ lè ṣe é, bí mo ṣe rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n òwú náà ní bí wọ́n ṣe ń fún un. Tó bá tutù jù, epo á dà sílẹ̀. Tó bá gbẹ jù, iná. Tó bá ga jù, ọ̀pá á máa fà á. Kò sì gbọdọ̀ sí fọ́nrán kan tó yọ sókè, ọ̀kan ṣoṣo. Fọ́nrán kan tí ọ̀pá bá gbé wọ abẹ́ idẹ, á máa nu epo kúrò lójú irin bí ẹni ń nu àwo, irin á sì máa ha irin ní gbígbẹ.

Lọ́dún 1976, wọ́n ti gbé mi lọ sí yáàdì kan lójú ọ̀nà. Òjò ń kù, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan fẹ́ gbéra, àpótí kan ló kù tí mo ní láti kì. Mo kì í. Mo rí i pé ìdí òwú náà ò dì dáadáa. Mo rí i. Mo ní kò burú, mo pa ìdérí dé, mo sì kọ nọ́ńbà mi síwèé. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó fi fóònù pe teṣàn wa pé wágọ́nù kan ń rú èéfín. Àwa mẹ́ta la lọ, Bàbá Agogo wà níbẹ̀, ó wá bá wa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ náà. A gbóòórùn rẹ̀ kí a tó rí i. Epo tó jóná àti òwú tó jóná, òórùn yẹn kì í kúrò nímú ẹni. Bàbá Agogo na ẹ̀yìn ọwọ́ sí àpótí náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni o, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ó ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀ tipẹ́: bí iná bá jó ẹ̀yìn ọwọ́, wàá ṣì fi àtẹ́lẹwọ́ jẹun. Nígbà tó tutù, a ṣí i. Irin funfun ti yọ́ dànù tán. Orí ọ̀pá ti pọ́n, ó ti dúdú, ó ti ya bí ẹni fi èékánná ha á. Tó bá rìn díẹ̀ sí i, ó lè kán, bí orí ásù bá sì kán lábẹ́ sìmẹ́ńtì, ẹ fojú inú wo ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Bàbá Agogo ki ọwọ́ sí i, ó fa fọ́nrán òwú kan jáde lábẹ́ idẹ. Ó ti di èédú, kò gùn ju ìka àárín lọ. Ó mú ọwọ́ mi, ó là á, ó gbé e sí i.

Ó ní, "Òwú rẹ nìyí."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Nígbà tí wọ́n bi í ní ọjọ́ kejì, ó ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ bi mí." Mo dìde níbi tí mo jókòó sí, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo kì í, mo sì mọ̀ pé kò dì dáadáa." Wọ́n yọ nínú owó oṣù mi, ó tọ́ sí mi.

Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé ọ̀pá ásù náà lọ sí wọ́kùṣọ́ọ̀bù, kí n sì dúró ti léèdì, ẹ̀rọ tí ń yí irin gé, títí wọ́n á fi tún un gé. Léèdì tí ń gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tóbi tó yàrá, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọ̀pá wọn pọ̀, á máa yí wọn jẹ́jẹ́. Èérún irin ń ká jáde bí irun ọmọ tuntun, ó ń yí sí búlúù bí ó ṣe ń tutù. Oníléèdì á gé díẹ̀, á dúró, á wọ̀n ọ́n, á wò mí. Bó bá ti gé e kọjá ìwọ̀n kan, ọ̀pá náà ti di àlòkù nìyẹn, wọn á jù ú. Irin tí a bá ti ha kúrò, kò sí alágbẹ̀dẹ tó máa lẹ̀ ẹ́ padà síbẹ̀. Ó kù bíńtín kó kọjá ìwọ̀n, ó sì yè. Mo fẹ́ dì mọ́ ọkùnrin náà. Ó ní kí n lọ ra mínírà wá.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jẹ́ n mẹ́nu ba ọjọ́ Ògún. Bí Ògún ò bá ní ilé míì láyé, ó ní wọ́kùṣọ́ọ̀bù rélùwéè. Lọ́dọọdún làwọn kan nínú wa ń bọ ọ́, ajá, iṣu sísun, ẹ̀wà, epo, ọtí. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ díákónì, á dúró lókèèrè pẹ̀lú Bíbélì kékeré nínú àpò. Mi ò sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dé ìdí iṣu àti ẹ̀wà, ìyẹn, oúnjẹ ni.

Lọ́dún 1979 ni àwọn ará Íńdíà dé, ilé iṣẹ́ RITES, wọ́n bójú tó rélùwéè wa fún ọdún mẹ́ta. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn ni pé kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ìwé kékeré kan nínú àpò, gbogbo àpótí tó bá fọwọ́ kàn ló ń kọ síbẹ̀. Mo ra tèmi. Ó wà nínú àpótí aṣọ mi dòní, epo ti mu ún.

Etí mi wá ńkọ́? Wọ́n fún wa ní ìbòtí. Mi ò lè parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n fún wa. Ooru rẹ̀ la kórìíra. A máa ń gbé e kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ọ̀gá bá ń bọ̀, a ó fà á sókè, wọ́n bá kọjá, a ó fà á sọ̀. Àwa tí a ń fi etí jẹun yìí ni o. A kà á sí pé ẹni tó bo etí kò ní gbọ́ irin, kò sì burú nígbà tí a bá ń gbá ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la ń gbọ́ nígbà tí a bá dúró sí ìdí àwọn tó ń lu irin gbígbóná láàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ariwo lásán la ń mu. Kí n tó fẹ̀yìn tì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún bákan náà létí òsì mi. Mo dákẹ́ lórí rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, mò ń fi etí ọ̀tún ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rù òwú yẹn bà mí, mo lọ sọ fún fóòmáànù pé kí wọ́n fún mi níṣẹ́ míì. Dókítà tó yẹ̀ mí wò lẹ́yìn náà sọ fún mi pé àwọn irun kéékèèké kan ló wà nínú etí, àwọn ló ń gbọ́ràn, bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù mọ́.

Ọmọ ọmọ mi kan ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì LAUTECH, ìtòsí wa níbí. Ó gun ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ láti Ìbàdàn sí Èkó, èyí tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021, ó sì wá ròyìn fún mi. Ó ní kò mì, kò sì dún. Mo ní kí ló dé tí kò fi ní í ṣe bẹ́ẹ̀, àyè àárín irin méjèèjì tiwọn fẹ̀ ní mílímítà 1,435, tiwa ò ju 1,067 lọ. Ó yà á lẹ́nu pé mo mọ nọ́ńbà. Mo tún béèrè pé ta ló ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, wọn kì í gbá a mọ́. Ìró kan ni wọ́n ń rán gba inú irin kọjá, kọ̀ǹpútà ló ń gbọ́ ọ. Ìró náà ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ."

Mo ní, "Ó ti dára. Àwa tí etí wa ti lọ náà á lè ṣe é nìyẹn."

Nígbà ọlidé tó kọjá, òun ló wa mọ́tò gbé mi jáde, mo sì mú owú dání. A dúró ní teṣàn kékeré kan, wágọ́nù àtijọ́ kan wà lórí irin ẹ̀gbẹ́, koríko ti gùn dé àyà rẹ̀. Mo kọ́kọ́ wo bíréèkì, kò mú. Mo wo igi tí wọ́n fi há ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wà níbẹ̀. Mo fún ọmọ náà ní owú, mo ní kó di ojú. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹsẹ̀ kejì, èyí tó wà lápá kejì ọ̀pá kan náà.

Ó gbá a. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ta padà. Létí mi, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé kejì ni. Ṣùgbọ́n irin náà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi, ó gbọ̀n pẹ́.

"Kí lo gbọ́?"

"Irin ni sà."

Mo ní kó tún un gbá.